Ẹrù Kan Náà, Àpò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìdí Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Kò Fi Ṣí Lọ́jọ́ Tí A Pe Àwọn Àgbà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kí ni Làdánì mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Kò purọ́. Ilé-kéwú ni mo ti dàgbà, ìwé mẹ́fà ni mo sì kà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní mọ́ṣáláṣí wa ní Akówọnjọ, ní oṣù Ṣàbáánì ọdún 1446, èyí tí í ṣe oṣù Fẹ́búárì ọdún 2025, ó kọ́ mi ní ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ra kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ kò mọ̀. Nítorí àìmọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí á ba orúkọ ọmọ rere kan jẹ́. Èmi pàápàá wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ bà á jẹ́.

Ìwé gbọọrọ kan wà ní ọ́fíìsì wa, inú rẹ̀ ni a ń kọ orúkọ àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn sí, kí á lè mọ ẹni tí ìrẹsì àti owó sàárà Ràmàdáánì tọ́ sí. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, òrùlé jò, omi wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ojú-ìwé mélòó kan sì lẹ̀ mọ́ ara wọn pátápátá. Ní Ràmàdáánì ọdún 2024, ìyá kan tò sórí ìlà láti ìgbà tí a ti kírun Àìlà tán. Ọkọ rẹ̀ ni ó máa ń bá wa gbá àgbàlá mọ́ṣáláṣí kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a. Nígbà tí ó kan ìyá yìí, a wá orúkọ rẹ̀ títí, a kò rí i. A ní kí ó lọ, kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò padà wá.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Àdínnì wọ egungun. Òun ni ó ní kí á kó orúkọ gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àsàláátù dá ₦150,000 jọ, a sì pe ọmọ wa kan tí ó jáde ní yunifásítì, tí ó mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ohun tí àwọn ọmọdé ń pè ní áàpù, pé kí ó ṣe é fún wa. Oṣù mẹ́ta ni ó fi ṣe é.

Nígbà tí ó parí, a pe àwọn àgbà ní ọjọ́ Àlàmísì kan lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ọmọ náà kọ́kọ́ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan tirẹ̀. Ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré, orúkọ jáde, àwòrán jáde, iye ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ opó náà jáde. Àwọn ìyá wa ń ṣe “Àlàáhù Àkúbárù” lọ́tùn-ún lósì. Ó wá ki fíláàṣì rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, èyí tí a rà ní tòkunbọ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí a máa ń da aṣọ bò nítorí eruku. Ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan là lójú rẹ̀ pé ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yìí. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Òógùn bo ọmọ náà.

Bàbá Àdínnì béèrè bóyá kì í ṣe àwòrán lásán ni èyí tí ó fi hàn wá lórí tirẹ̀. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní owó àwọn obìnrin ti gbé. Èmi ni mo sọ èyí tí ó le jù níbẹ̀. Mo ní, “Ọmọ, ṣé kì í ṣe pé o ṣe é kí ó má lè ṣí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí á lè máa wá sanwó fún ọ títí ayé?” Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀,” ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó sì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ pé wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Òun ni. Ó ní, “Àáfáà, mi ò purọ́ fún yín o. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín àti tèmi ni kò gbọ́ èdè kan náà.” Mo ní báwo, ṣebí Windows ni ó wà lórí àwọn méjèèjì. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í là á yé mi.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, ohun pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ó ń ṣe gbogbo ìṣirò. Òun ni wọ́n ń pè ní prósẹ́sọ̀, ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní ọpọlọ. Ọpọlọ yìí kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ òyìnbó, kò sì gbọ́ Lárúbáwá. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ: ṣe àròpọ̀, yọ ọ̀kan kúrò, gbé èyí wá, fi tọ̀hún pamọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe ọpọlọ náà ni wọ́n yan nọ́ńbà fún àṣẹ, ìdílé ọpọlọ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ètò kì í kọ nọ́ńbà wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn lè kà, irin-iṣẹ́ kan ni yóò wá tú u sí nọ́ńbà fún ọpọlọ tí a bá dárúkọ fún un. Ohun tí a ń bá nínú fíláàṣì, èyí tí a ti tú tán ni. Bí a bá tú u fún ọpọlọ kan, òmíràn kò ní í gbọ́ ọ.

Ó fún mi ní àpẹẹrẹ kan tí n kò gbàgbé. Ó ní kí á mú nọ́ńbà 72. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlànà àtijọ́ ti bíìtì 32 nínú ìdílé Intel, nọ́ńbà 72 túmọ̀ sí pé, “yọ ọ̀kan kúrò nínú ohun tí o kó dání.” Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìlànà bíìtì 64, nọ́ńbà 72 yìí kan náà di, “àṣẹ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ọ̀nà fífẹ̀ ni kí o gbà ṣe é.” Nọ́ńbà kan, ìtumọ̀ méjì.

Nígbà tí ó sọ báyìí, mo dìde, mo gbé Kùránì méjì wá láti orí pẹpẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ kéwú yóò ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kùránì tí àáfáà mi àgbà fi kọ́ mi, ìlànà ìkọ̀wé àwọn ará Màgríbì ni wọ́n fi kọ ọ́, kíkà rẹ̀ sì jẹ́ ti Wárṣì, ẹni tí ó gbà á láti ọ̀dọ̀ Náfíù ará Mẹ̀dínà. Èkejì, èyí tí àwọn alálájì ń gbé bọ̀ láti Mẹ̀dínà ni, kíkà rẹ̀ jẹ́ ti Háfsì, ẹni tí ó gbà á láti ọ̀dọ̀ Áásímù ará Kúúfà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà fáà àti kàáfù. Nínú ìkọ̀wé Màgríbì, fáà a máa ní àmì kan nísàlẹ̀, kàáfù a sì ní àmì kan lókè. Nínú ìkọ̀wé àwọn ará ìlà-oòrùn, fáà ni ó ní àmì kan lókè, kàáfù sì ní méjì. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá jẹ́ pé Kùránì Mẹ̀dínà nìkan ni ó mọ̀, bí ó bá ṣí ti àáfáà mi, ibi tí wọ́n kọ “kàala” sí, “fáala” ni yóò kà. Ọmọ náà kò ya òmùgọ̀, ẹni tí ó kọ ìwé náà kò sì purọ́. Ilé ìtẹ̀wé Ọba Fahd tí wọ́n ṣí ní Mẹ̀dínà ní ọdún 1984 mọ èyí dájú. Wọ́n ń tẹ ti Háfsì, wọ́n ń tẹ ti Wárṣì, wọ́n ń di ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìn ìwé tirẹ̀, wọn kì í pa wọ́n pọ̀.

Ọmọ náà pàtẹ́wọ́. “Àáfáà, ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Èmi di ẹyọ kan ṣoṣo.”

Ìyàtọ̀ kan ṣá wà níbẹ̀. Ọmọ ènìyàn lè fara balẹ̀, kí ó sọ pé ha, ìkọ̀wé Màgríbì nìyí, kí ó sì yí ojú padà sí i. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò ní làákàyè. Ohun tí kò bá gbọ́, kò gbọ́ náà nìyẹn.

Mo béèrè pé irú ọpọlọ mélòó ni ó wà láyé tí eléyìí fi le tó báyìí. Ó ní wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó kan àwa tí a ń ra kọ̀ǹpútà ní Èkó. Èkíní ni ìdílé Intel àtijọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpọlọ 8086 ní ọdún 1978, tí ó sì di oníbíìtì 32 ní ọdún 1985. Nítorí nọ́ńbà 86 tí ó wà lẹ́yìn orúkọ yẹn ni wọ́n ṣe ń kọ x86 sára fáìlì rẹ̀. Ojúlé tí ó lè kà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà kò ju 4,294,967,296 lọ, ìyẹn gígábáìtì mẹ́rin. Nígbà tí ayé ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ AMD ní Amẹ́ríkà gbé oníbíìtì 64 jáde ní ọdún 2003, èyí tí ó ṣì lè ṣe iṣẹ́ àtijọ́. Intel náà sì tẹ̀lé e. Òun ni a ń kọ ní x64 tàbí amd64. Ẹ̀kẹta ni ARM, tí àwọn ará ilé-iṣẹ́ Acorn ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1985. Ìdílé yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí ó wà nínú àpò wa. Àṣẹ rẹ̀ kò jọ ti Intel rárá: ti Intel lè jẹ́ báìtì kan, ó sì lè gùn dé 15, ṣùgbọ́n ti ARM oníbíìtì 64, báìtì mẹ́rin mẹ́rin géérégé ni.

Àwọn orúkọ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹni tí ó ní Intel rí amd64, ó ní kì í ṣe tòun, bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ ni. Akọ̀wé wa rí x86 àti x64 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà kan, ó mú x86 nítorí pé 86 ju 64 lọ, ó rò pé èyí tí ó tóbi ni tuntun. Oríire rẹ̀ ni pé Windows oníbíìtì 64 ti Intel a máa gba ti 32 mọ́ra. Òdì kejì rẹ̀ ni kò ṣeé ṣe, òun gan-an ni ó sì bá wa lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí èrò tó dé, a ṣí ọ́fíìsì, ó sì wo ibi tí wọ́n ń kọ irú kọ̀ǹpútà sí nínú Windows. Ohun tí a bá níbẹ̀ yà wá lẹ́nu. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ oníbíìtì 64! Windows oníbíìtì 32 ni ẹni tí ó tún un ṣe kí a tó rà á gbé lé e lórí, bóyá nítorí pé ìrántí rẹ̀ kò ju gígábáìtì méjì lọ. Ọmọ náà ní òun lè nù ún, kí òun gbé ti 64 lé e. Mo ní rárá, àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀. Ó gbà pẹ̀lú mi. Ó ní, “Kì í ṣe ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ yí ilé yín padà nítorí ẹrù mi. Èmi ni ó yẹ kí n di ẹrù tí yóò wọlé yín.”

Ó lọ di àpò bíìtì 32 wá. Ó ṣí! Inú mi dùn, mo fẹ́ ránṣẹ́ pe Bàbá Àdínnì, àfi ìgbà tí a wá orúkọ, ni ojú rẹ̀ bá funfun báláú. Kò sí orúkọ kan. Ó gba á ní òru mẹ́ta, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tí kò jẹ́ kí ó gbọ́ ìró ara rẹ̀, kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Electron ni ó fi kọ ètò náà, èyí tí ó máa ń gbé gbogbo ẹ̀rọ Chromium, tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, dání bí ìgbín ti ń gbé ìkarahun. Ìkarahun yẹn ti di bíìtì 32. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń tọ́jú àwọn orúkọ, SQLite ni wọ́n ń pè é, òun ṣì jẹ́ ti bíìtì 64 tí ó ti tú sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n rán ojú-ìwé Wárṣì kan mọ́ àárín Kùránì Háfsì ni. Nígbà tí ó tún ẹ̀yà náà tú, gbogbo rẹ̀ lọ dọ́gba.

Mo rò pé ó parí, àfi bí Ìyá Àdínnì ti gbé tirẹ̀ dé. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí i, ó fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, Windows 11 ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ ARM ni ó wà nínú rẹ̀. Àpò bíìtì 64 ti Intel ṣí lórí rẹ̀, nítorí pé Microsoft fi ògbufọ̀ kan sínú Windows yìí tí ó ń tú àṣẹ Intel sí ti ARM bí iṣẹ́ ti ń lọ. Apple náà ti ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Rosetta ni wọ́n sọ ògbufọ̀ tiwọn: ní ọdún 2006 nígbà tí wọ́n ń kúrò lórí PowerPC bọ́ sí Intel, àti ní ọdún 2020 nígbà tí wọ́n kúrò lórí Intel bọ́ sí ọpọlọ tiwọn tí í ṣe ìdílé ARM. Ògbufọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó síbi wáàsí tí wọ́n ń túmọ̀ mọ̀ pé ó máa ń fa àkókò gùn. Ti Ìyá Àdínnì ń falẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa kò bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé fáìlì tí ó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ARM gan-an, ògbufọ̀ kì í dá sí ìyẹn.

Ó wá ku bóyá kí á di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣi èyí tí yóò mú. Apple a máa ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní Universal, ọpọlọ méjì nínú fáìlì kan. Ọmọ náà ṣe ìṣirò fún wa. Àpò kọ̀ọ̀kan tó mẹ́gábáìtì 80. Bí a bá di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, yóò di 240, olùkọ́ kéwú tí ó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ yóò sì sanwó 240 kí ó lè lo 80. Mo ní kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. A ra fíláàṣì mẹ́ta, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sára wọn: “Ti ọ́fíìsì, 32.” “Ti Windows olóríṣi 64.” “Ti Ìyá Àdínnì, ARM.”

Ó ní ohun kan tí ń bí mi nínú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lójoojúmọ́ ni àwọn tí ń ṣe ètò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ bíìtì 32. Láti ọdún 2019 ni Apple kò ti jẹ́ kí ètò rẹ̀ ṣí lórí kọ̀ǹpútà wọn mọ́. Windows 11 tí ó jáde ní ọdún 2021 kò ní oníbíìtì 32. Microsoft dá ìtọ́jú gbogbogbòò Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀tóbà ọdún 2025, Windows 10 náà sì ni ó wà ní ọ́fíìsì wa. Debian pàápàá, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí àwọn aláìní gbójú lé, kò ṣe èyí tí a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà oníbíìtì 32 mọ́ láti ẹ̀dà 13 tí ó jáde ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2025. Wọ́n ní ìdí tiwọn: àpò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ dán wò, kí wọ́n sì máa tún ṣe, iṣẹ́ ni, owó ni. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọkọ̀ láti Akówọnjọ lọ sí Dópẹmu, kí ẹ gba ibẹ̀ dé Ìkẹjà, kí ẹ rìn gba òpópó Ọ̀tígbà kọjá nínú Computer Village, kí ẹ wo òkìtì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀. Èyí tí òyìnbó jù sílẹ̀ lánàá ni àwa ń rà lónìí. Ẹni tí ó bá ń di ẹrù fún irú àwa, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó wà nílé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má ṣe wo dídán ara rẹ̀ nìkan. Kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ ní kí olùtajà ṣí “Settings,” kí ó lọ sí “System,” kí ó sì lọ sí “About.” Ẹ ka ìlà tí wọ́n kọ “System type” sí. Ọ̀rọ̀ méjì ni yóò wà níbẹ̀, ọ̀kan fún Windows, ọ̀kan fún ọpọlọ, wọ́n sì lè yàtọ̀ síra bíi tiwa. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ètò kan, ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì rẹ̀ bóyá ó bá ohun tí ẹ kọ mu.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a tún pe àwọn àgbà. Kí ọmọ náà tó ṣí ohunkóhun, mo dìde, mo sọ ohun tí mo wí sí i lọ́jọ́ kìíní, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó ní, “Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí.” Ètò ṣí lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Àdínnì ní orúkọ kan ni òun fẹ́ kí á kọ́kọ́ kọ sí i. Ó ti fi omi gbígbóná rọra ya àwọn ojú-ìwé tí ó lẹ̀ pọ̀, ó sì ti rí orúkọ ìyá tí a dá padà lọ́dún tí ó kọjá. Wọ́n wá a kan Ìkòtún, níbi tí ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ó dé nínú Ràmàdáánì. Nígbà tí ó rí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó wo òkè àjà tí a ti tún ṣe, ó ní, “Làdánì, ṣé òjò ò ní lè wọ inú eléyìí náà?” Mo fi fíláàṣì tí a da àwọn orúkọ náà kọ sí hàn án, mo ní ilé Ìyá Àdínnì ni èyí ń sùn.